Ta Ni Yóò San Owó Iṣẹ́ Yín? Bí Ẹ Ṣe Lè Sin Ọlọ́run Láìgbé Ojú Lé Ìyìn Ènìyàn

Ìbéèrè kan ni mo máa ń gbọ́ lọ́dọọdún bí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé: "Mo fẹ́ fi owó tó jọjú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á pe orúkọ mi. Bí wọ́n bá pè é, ẹ̀rù á máa bà mí pé ojú ayé ni mo ṣe é fún. Bí wọn ò bá sì pè é, inú mi kì í dùn. Kí ni kí n ṣe?" Akọrin ti bi mí rí. Ẹni tó ń darí àdúrà ti bi mí rí. Ìyá kan tó máa ń dáná fún àlejò ìjọ náà bi mí, ó ní òun ti ń rò ó láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí pé láti Ọdún Àjíǹde, kò sí ẹni tó sọ pé "Mama, ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn ni mo kọ ọ́ fún. Mi ò wàásù níbí. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni mo tò sílẹ̀, èyí tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ mú Bíbélì sún mọ́ ọ̀dọ̀, kí ẹ sì wá ìwé kékeré kan tí ẹlòmíràn kò ní kà.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú èyí ná

"Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn," ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Inú ìyìn ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ìyá á ki ọmọ ní oríkì kó tó dìde lórí ẹní. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ dé, "o kú iṣẹ́" ló máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi sódì: kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n yìn yín, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ yin ẹlòmíràn. Ẹ ka Róòmù orí 16 kí ẹ rí bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń dárúkọ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan tó ń yìn wọ́n: Fébè tó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, Pírísílà àti Ákúílà tí wọ́n fi ọrùn ara wọn wewu nítorí rẹ̀.

Àwọn kan á tún ní Jésù fúnra rẹ̀ sọ méjì. Ní Mátíù 5:16 ó ní kí ìmọ́lẹ̀ wa máa tàn níwájú ènìyàn. Ní Mátíù 6:1, nínú ìwàásù kan náà, ó ní ká ṣọ́ra ká má ṣe iṣẹ́ òdodo wa níwájú ènìyàn kí wọ́n lè rí wa. Ẹ ka ìparí ẹsẹ méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn tó rí iṣẹ́ náà ń yin Baba tó wà lọ́run. Nínú ti èkejì, kí wọ́n rí ẹni tó ṣe é ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Bí ènìyàn bá rí yín, ìyẹn kò ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí ẹ torí rẹ̀ ṣe é ni ká wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tí ìyìn ti ń dùn mọ́ yín jù

Kì í ṣe ibì kan náà ni ó ti ń mú gbogbo wa. Ẹlòmíràn kò bìkítà bóyá wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nígbà ọrẹ, ṣùgbọ́n bí kò bá dá orin ní ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀. Ẹ wo èyí tó bá yín mu nínú ìwọ̀nyí:

- Ẹ ń gbàdúrà níwájú ìjọ, ẹ sì ń fetí sí i bóyá "Àmín" wọn rinlẹ̀.
- Àdúrà tí ẹ ń gbà ní gbangba gùn ju èyí tí ẹ ń gbà ní yàrá lọ.
- Wọ́n yin ẹlòmíràn lórí iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe, oúnjẹ ọ̀sán kò sì dùn lẹ́nu yín mọ́.
- Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ń ro ohun tí ẹ máa fi dáhùn bí wọ́n bá kí yín.
- Ẹ gbé àwòrán síta, ẹ sì padà wo iye ẹni tó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wákàtí kan tó pé.

Tèmi, orúkọ ni. Lọ́dún kan, mo dá owó sí páànù gbọ̀ngàn ìjọ. Lọ́jọ́ ìkórè, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Mo ti ká apá agbádá mi sí èjìká, mo ti di ẹ̀yìn àga iwájú mi mú kí n lè dìde. Ó ka orúkọ ẹni tó ṣíwájú mi. Ó tún ka ti ẹni tó yẹ kó tẹ̀ lé mi. Mo rọra jókòó padà, mo ń tún aṣọ tò bí ẹni pé torí ìyẹn ni mo ṣe mira.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá a. Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá owó yẹn wọlé. Owó kọ́ ni mo ń béèrè. Ó ṣí fáìlì rẹ̀, a rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé náà po gan-an ni orúkọ mi bọ́ sí, ojú rẹ̀ fò ó. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun á kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n irú ohùn tí mo fi sọ ọ́ ti jẹ́ kó mọ̀ pé kó kà á. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kà á, mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Ìgbà yẹn ni 1 Sámúẹ́lì 15:30 tó yé mi. Ọlọ́run ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ọba Sọ́ọ̀lù. Sọ́ọ̀lù ti jẹ́wọ́ ní ẹsẹ 24 pé ẹ̀rù àwọn ènìyàn ló ba òun. Síbẹ̀, ohun tó tún bẹ Sámúẹ́lì fún ni pé kó jọ̀ọ́, kó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Ilé ń jó, iyì níwájú àwọn àgbà ló ń wá.

Ẹ kọ ibì kan sínú ìwé kékeré yín. Ẹ má kọ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kì í tún ọ̀kan ṣe.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ẹni tí yóò sanwó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Jésù sọ gbólóhùn kan náà nínú Mátíù 6, ní ẹsẹ 2, 5 àti 16: àwọn tó ń ṣe é kí ènìyàn lè rí wọn ti gba èrè wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà máa ń kọ sórí ìwé ẹ̀rí owó: mo ti gbà á pé, kò ku nǹkan kan. Ẹ wo lébìrà tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kọngílá ní Fúráìdé. Kò lè tún wá tò sórí ìlà ní Sátidé pé wọ́n jẹ òun lówó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ mú àsìkò kan pàtó ṣáájú iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni, kí ẹ tó tan iná. Bí ó bá jẹ́ orin ni, kí ẹ tó jáde nínú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ owó ni, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì yín.
2. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́, kó má jẹ́ nínú ọkàn lásán: "Baba, ìwọ ni mo ń ṣe èyí fún. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí i, iṣẹ́ náà pé."
3. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kólósè 3:23 ní ká ṣe é tọkàntọkàn bí ẹni tó ń ṣe é fún Olúwa. Iṣẹ́ tí ènìyàn kò ní rí, ojú Ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀.

Ẹ má fi àdúrà náà dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Nígbà yẹn, etí ti là sílẹ̀, ó ti ń dúró de ohun tí wọ́n á sọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọrẹ àti ìkórè

Níbí ni ìbéèrè ti pọ̀ jù, níbí ni màá ti pẹ́ jù.

1. Ẹ pinnu iye owó nílé. 2 Kọ́ríńtì 9:7 ní kí oníkálukú fi fúnni bí ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọkọ tàbí aya, ẹ jọ sọ ọ́. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ sì ti ìwé náà.
2. Nígbà tí alága bá mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ní "Ta ló máa fún wa ní ₦100,000?", ẹ rántí iye tí ẹ kọ. Ẹ má fi kún un nítorí ẹni tó dìde lápá ọ̀tún yín, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń wò yín.
3. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ san án kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ fi sínú àpòòwé fún akápò, kí ẹ kọ "ìkórè" sí i lára. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì, akápò á rí orúkọ yín, kò sì burú. Ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ kò sọ ọ́ di àṣehàn.
4. Ẹ sọ fún akọ̀wé ṣáájú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe orúkọ mi." Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣe àlàyé pé ẹ kò fẹ́ gba ògo Ọlọ́run. Mátíù 6:2 ní ká má fun fèrè níwájú ara wa bí a bá ń ṣe ìtọrẹ. Fèrè míì ni àlàyé yẹn.
5. Ẹ pa á mọ́ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ tí ẹ fún wọn lówó kọ́ ló nira jù. Ìgbà tí òjò bá rọ̀, tí gbọ̀ngàn kò jò, tí ẹnì kan wá gbójú sókè tó ní "Ta ló ra páànù yìí gan-an?" ni ahọ́n máa ń yún ènìyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú Mátíù 6:3, pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, ti ń ṣiṣẹ́.

*Bí ìjọ yín kì í bá gbà láìpe orúkọ ńkọ́?* Ẹ ní kí wọ́n kọ "ìdílé kan nínú ìjọ". Tàbí kí ẹ fi sórí owó ẹgbẹ́ yín, kí wọ́n pe ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá sì tún pe orúkọ yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dìde, ẹ tẹríba, ẹ jókòó. Ẹ má bá wọn jà. Mo ti rí ẹni tó bínú jáde nítorí pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìjọ sì fi jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

*Bí owó yín bá kéré ńkọ́?* Ìwé àwọn Júù ìgbàanì sọ pé àpótí ọrẹ 13 ló wà ní tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n ṣe lọ́nà tó dà bí fèrè. Ẹni tó da owó púpọ̀ sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, èmi rò pé etí á gbọ́. Opó inú Máàkù 12:41-44 ní owó bàbà wẹ́wẹ́ méjì péré. Jésù jókòó kọjú sí àpótí náà, ó rí i, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé opó náà fi sí i ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹ tún un kà dáadáa: kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó pe opó náà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀ láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí òun, Bíbélì kò sọ òdìkejì rẹ̀. Mo máa ń rò ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fi owó sínú agbọ̀n ọrẹ.

Ìkìlọ̀ lórí ẹ̀jẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu jẹ́ ohun tí ọwọ́ yín kò ká. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:36-37 sọ nípa Bánábà tó ta ilẹ̀ tó sì kó gbogbo owó rẹ̀ wá. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ti Ananáyà àti Sàfírà aya rẹ̀, tí wọ́n ta ilẹ̀, tí wọ́n sì mú apá kan owó rẹ̀ wá bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Pétérù sọ fún Ananáyà pé nígbà tí ilẹ̀ wà, tirẹ̀ ni. Nígbà tó tà á tán, owó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó mú gbogbo rẹ̀ wá. Irú orúkọ tí Bánábà ní ló fẹ́, ó sì fẹ́ fi apá kan owó rà á. Bí ẹ bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ torí pé ojú ń tì yín níwájú àwọn ènìyàn, tí kò sì sí owó, ẹ lọ bá akápò tàbí olùṣọ́ àgùntàn yín. Ẹ sọ òótọ́, kí ẹ ní kí wọ́n din iye náà kù. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún sàn ju pípa ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dà lóṣooṣù.

Ìgbésẹ̀ 4: Àdúrà àti ààwẹ̀

Fún oṣù kan, kí ẹ jẹ́ kí àdúrà ìkọ̀kọ̀ yín gùn ju ti gbangba lọ. Ìyẹn nìkan tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, mo mọ̀ pé "wọ inú yàrá rẹ lọ, kí o sì ti ilẹ̀kùn" inú Mátíù 6:6 kò rọrùn. Ẹ lo ọkọ̀ yín bí ẹ bá ní. Ẹ lo ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó ṣí i. Ẹ lo ẹ̀yìnkùlé kí àkùkọ tó kọ. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ pé inú dánfó ni yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á pa dé, ó ń bá Baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi dé ibi iṣẹ́.

Ní ti ààwẹ̀: ẹ wẹ̀, ẹ run orín, ẹ fi ìpara pa ara. Bí ẹnì kan bá fi oúnjẹ lọ̀ yín, "Ẹ ṣeun, á gba ibi tó dáa" ti tó. Ẹ má parọ́ pé ẹ ti jẹun.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí wọ́n bá yìn yín

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà ṣì í. Ẹnì kan á sẹ́: "Háà, èmi tí mi ò mọ orin kọ." Ẹni tó yìn ín á tún fi kún un, ìyìn á di méjì. Ẹlòmíràn á gbà á, á gbé e délé, á sì máa tún un gbọ́ lọ́kàn títí di Ọjọ́rú.

Ẹ gbìyànjú èyí:

1. Ẹ dúpẹ́, kí ó kúrú: "Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín." Kò pọn dandan kí ẹ wàásù.
2. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ dárúkọ ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó tẹ dùùrù. Ẹni tó bá yín gbé ìkòkò.
3. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ẹni náà: "Ara Mama ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé láti ọsibítù?"
4. Bí ẹ bá délé, ẹ lo ìṣẹ́jú méjì láti kó ìyìn náà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Baba, wọ́n ní ohùn mi dùn. Ìwọ lo fún mi. Gbà á."

Ọba Hẹ́rọ́dù Àgírípà kò ṣe èyí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:21-23 sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kígbe pé ohùn ọlọ́run ni, kì í ṣe ti ènìyàn, tó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Lísírà, nínú orí 14, wọ́n mú akọ màlúù wá láti fi rúbọ sí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, àwọn méjèèjì sì fa aṣọ ara wọn ya. Kí ẹ kà á dé ẹsẹ 19 o. Ìlú kan náà tó fẹ́ bọ Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ti sọ ọ́ lókùúta, tí wọ́n wọ́ ọ jù sẹ́yìn odi, nítorí pé àwọn kan wá láti Áńtíókù àti Íkóníónì wá yí wọn lọ́kàn padà. Ẹnu tó pè yín ní áńgẹ́lì lónìí kò jìnnà sí èyí tí á bú yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Fóònù

- Ẹ má fi ojú ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ yín hàn. Mo rí àwòrán ọmọ kan tí wọ́n gbé ìrẹsì lé lọ́wọ́. Ọmọ náà kò wo ẹni tó fún un, kò wo ìrẹsì náà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Bí ó bá dàgbà, àwòrán yẹn á ṣì wà níta.
- Bí ẹ bá ní láti jíhìn fún àwọn tó dá owó, àwọn nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Kò pọn dandan kí ẹ gbé e sórí WhatsApp status.
- Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rere kan síta, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìdí tí ẹ fi fẹ́ gbé e jáde bá ṣì wúlò fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kẹta, ẹ gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi kì í pé ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí ìjọ ilé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí owó àti àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fídíò ibi tí wọ́n ti pe orúkọ yín tí ìjọ pàtẹ́wọ́ ni ẹ ń béèrè, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí wọn kò bá rí yín, tàbí bí wọ́n bá ń bú yín

Mo padà sórí ìyá tó ń dáná. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbínú. Kó dúró fún ọjọ́ Àìkú méjì. Láàárín ìgbà náà, kó bi ara rẹ̀: ṣé ó rẹ̀ mí ni, àbí ó dùn mí? Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n oògùn wọn kò dọ́gba. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìsinmi tàbí kí wọ́n fi ẹnì kan kún yín. Ìyẹn kì í ṣe wíwá ìyìn. Bí ó bá dùn yín, ẹ gbé e tọ Baba lọ, kí ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí. Ó rẹ ìyá náà ni. Wọ́n fi obìnrin méjì kún un, ó ṣì ń dáná.

Ní ti èébú, Pọ́ọ̀lù sọ ní 1 Kọ́ríńtì 4:3-4 pé ohun kékeré ni lójú òun bí ènìyàn bá ń dá òun lẹ́jọ́. Òun kò tilẹ̀ dá ara òun lẹ́jọ́. Olúwa ni adájọ́ òun. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kò dun òun. Ìbẹ̀rù ẹnu ènìyàn mú Pétérù gan-an. Nínú Gálátíà 2:11-14, ó ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun ní Áńtíókù, àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ó sì fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ. Ohun tí wọ́n máa sọ ló ń rò. Àpọ́sítélì ni o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí. Ní Sátidé kan, mo gbàgbé awò ojú mi sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì padà lọ mú un kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo bá obìnrin kan nínú ibẹ̀. Ó ti gbé iná fóònù rẹ̀ sórí àga, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ àtijọ́ ha ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọdé lẹ̀ mọ́ abẹ́ àga. Ó kí mi bí ẹni tí wọ́n bá níbi tí kò dáa. Mo bi í pé ta ló yan iṣẹ́ náà fún un. Ó ní kò sí. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é. Ó ní láti ìgbà tí òun ti sin ọmọ òun. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ ọ́ nípàdé." N kò sọ ọ́ nípàdé. Kò sí nínú ìjọ wa mọ́ báyìí, kò sì sí ẹni tí á fi ohun tí mo kọ yìí mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tí ọwọ́ mi kan abẹ́ àga, mo máa ń rántí rẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kí akápò máa sọ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí òun ṣe. Rárá. Ọrẹ tí ẹ fúnni ni kí ẹ fi pamọ́, kì í ṣe owó ìjọ tó wà lọ́wọ́ yín. Pọ́ọ̀lù mú àwọn ẹlòmíràn dání nígbà tó ń gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní 2 Kọ́ríńtì 8:20-21: ó fẹ́ kí ohun gbogbo tọ́ níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú. Kí ẹni méjì ó kéré tán máa ka owó. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

"Ọlọ́run nìkan ló lè dá mi lẹ́jọ́." Ẹni tó bá fi gbólóhùn yìí pa ẹnu ẹni tó ń bá a wí mọ́, ó ti yí i padà. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní ẹ ṣẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Kí ẹ kọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí orí rẹ̀ má bàa wú. Kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn rán yín. Orí tiyín ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an.

Kí ẹ máa wo ọkàn ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi tiyín pamọ́, ewu yín nìyí. Ènìyàn ń wo ojú, Olúwa ń wo ọkàn, gẹ́gẹ́ bí 1 Sámúẹ́lì 16:7 ti wí. Wọn kò yá yín ní ojú Rẹ̀.

Kí ẹ dúró dìgbà tí ọkàn yín bá mọ́ tán kí ẹ tó ṣe rere. Bí ẹ bá rí i pé ìfẹ́ ìyìn ti wọ inú ọrẹ yín, ẹ ṣì fún wọn, kí ẹ sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ebi tó ń pa ọmọ òrukàn kò ní dúró de ọkàn yín.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin aṣáájú ìjọ

Ẹ má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àwọn ènìyàn ní okùn tí wọ́n á fi so ara wọn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ka orúkọ, ẹ kà á ní a-b-d, láìsọ iye. Jákọ́bù 2:1-4 ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó wọ òrùka wúrà bá rí ìjókòó dáadáa tí tálákà sì ń dúró. Ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan náà sí gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó mú ₦500,000 wá àti ẹni tó mú iṣu mẹ́ta wá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní yín

☐ Ọjọ́ Àìkú: ẹ kọ ibi kan ṣoṣo tí ìyìn ti ń mú yín sínú ìwé kékeré yẹn.
☐ Ọjọ́ Ajé: ẹ ka Mátíù 6:1-18 sókè, ẹ fa ìlà sí abẹ́ "níkọ̀kọ̀" níbi gbogbo tí ẹ bá ti rí i.
☐ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọ, lójúkorojú.
☐ Ọjọ́rú: ẹ fún ẹnì kan ní nǹkan láìjẹ́ kó mọ ẹni tó fún òun.
☐ Ọjọ́bọ̀: ẹ yẹ fóònù yín wò. Ẹ pa àwòrán ìtọrẹ àánú kan tó ní ojú ẹlòmíràn nínú rẹ́.
☐ Ọjọ́ Ẹtì: bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ẹ kò tíì san, ẹ pe akápò.
☐ Sátidé: ẹ lọ ṣe iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò yàn fún yín, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mú ìgbálẹ̀ tiyín dání, torí inú yàrá tí wọ́n ń tì ni ti ìjọ sábà máa ń wà.